Wíwò àti Sísàn: Ìpinnu Ìdí Ibùsùn Àgbàlagbà, láti Batterie IV dé Lambaréné

Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni ó para pọ̀ di "ìwòsàn" nínú èdè Yorùbá: "wò", tí í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn, àti "sàn", tí ó jẹ́ pé ara aláìsàn fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe é, bí Ọlọ́run bá fọwọ́ sí i. Oníṣègùn ni ó ń wo aláìsàn, ṣùgbọ́n kò sí oníṣègùn tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun ni òun mú kí ó sàn. Bí méjèèjì bá ń rìn pọ̀, bí wọ́n ti sábà máa ń rìn pọ̀ lára ọmọdé tí ibà kọlù tàbí ọ̀dọ́ tí ó fi ẹsẹ̀ dá, kò sí ẹni tí ó ń rántí pé méjì ni wọ́n. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn arúgbó ni wọ́n ti máa ń pínyà. Níbẹ̀, nígbà tí ọkàn ti rẹ̀, tí kíndìnrín ti ń kọṣẹ́ sílẹ̀, tí jẹjẹrẹ ti tàn dé egungun, "sàn" á yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà, "wò" nìkan ni yóò sì ṣẹ́kù. Ìbéèrè tí àròkọ yìí dá lé ni ohun tí wíwò túmọ̀ sí nígbà tí kò sí ìrètí sísàn mọ́, ẹni tí ó yẹ kí ó pinnu bí a ó ṣe wo aláìsàn, àti ibi tí ó yẹ kí wíwò dé dúró, bí ó bá yẹ kí ó dúró rárá.

Èdè kan náà tí ó la ọ̀nà yìí fún èrò ni ó tún ń fi ọ̀rọ̀ mìíràn dà á rú, èyíinì ni "ìtọ́jú". Ìtọ́jú ni Yorùbá ń pe abẹ́rẹ́ àti oògùn tí dókítà ń fúnni; ìtọ́jú ni ó ń pe omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí ọmọ fi ń wẹ ìyá rẹ̀ tí kò lè dìde mọ́; ìtọ́jú náà ni ó sì ń pe owó oúnjẹ tí ẹni tí ó wà lẹ́yìn odi ń fi ránṣẹ́ sílé. Nítorí náà, bí dókítà bá sọ fún ẹbí pé kò sí ìtọ́jú mọ́, ohun tí ó ní lọ́kàn ni pé kò sí oògùn tí ó lè lé àrùn náà lọ, ṣùgbọ́n ohun tí ẹbí ń gbọ́ ni pé kí àwọn pa bàbá àwọn tì. Ọ̀pọ̀ ìjà tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní ọsibítù lórí ọ̀rọ̀ arúgbó, inú àlàfo tí ó wà láàárín ohun tí a sọ àti ohun tí a gbọ́ yìí ni ó ti ń wá.

Ẹ̀ka ìṣègùn méjì ni ó gba ọ̀ràn náà sọ́wọ́ lóde òní. Ọ̀kan ni ìṣègùn àwọn arúgbó, tí ó ń wo bí àìsàn púpọ̀ ṣe ń kóra jọ sára ẹnì kan ṣoṣo, títí oògùn tí ó wà fún ọ̀kan yóò fi máa ṣe èkejì léṣe. Ìkejì ni ìtọ́jú ìdẹ̀rùn, èyí tí àwọn elédè Faransé tí wọ́n pọ̀ ní Gabon ń pè ní soins palliatifs, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gba ìrora, èébì, èémí tí ó ń há, àìsùn àti ìbẹ̀rù kúrò lára ẹni tí àrùn rẹ̀ kò gbọ́ oògùn mọ́. Inú "pallium" ti èdè Látìn ni orúkọ náà ti wá, aṣọ ìlékè sì ni pallium jẹ́, bí ìgbà tí a bá sọ pé ẹni tí a kò lè gbà lọ́wọ́ òjò, a ṣì lè fi aṣọ bò ó. Cicely Saunders, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti ṣe nọ́ọ̀sì kí ó tó di dókítà, ni ó fún ẹ̀ka yìí ní ìpìlẹ̀ nígbà tí ó dá St Christopher's Hospice sílẹ̀ ní London ní ọdún 1967; òun ni ó kọ́ni pé ìrora ẹni tí ó ń kú kì í ṣe ti ẹran ara nìkan, pé ti ọkàn, ti ẹbí àti ti ìgbàgbọ́ wà nínú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláìtán Ṣóyannwó wà lára àwọn tí ó gbin ín sí UCH ní Ìbàdàn, ọsibítù tí wọ́n tún ṣí ilé ìtọ́jú tí ó jẹ́ ti àwọn arúgbó nìkan sí ní ọdún 2012.

Ibi tí ìbéèrè náà ti hàn kedere ni Batterie IV, àdúgbò ibùgbé ní Libreville, olú-ìlú Gabon, níbi tí àwọn tí ọwọ́ wọn tẹ́nu àti àwọn àlejò pàtàkì láti òkè òkun ń gbé. Inú ìlú kan náà ni ọjà Mont-Bouët wà, ọjà ńlá tí àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pọ̀ sí, ṣùgbọ́n ìgbé ayé ibi méjèèjì jìnnà síra ju bí ọ̀nà ti jìnnà lọ. Ìdí tí àdúgbò olówó fi yẹ fún àròjinlẹ̀ ni pé àìlówó ni ó máa ń dá ẹjọ́ yìí fún àwọn tí ó pọ̀ jù: ẹnikẹ́ni kì í béèrè bóyá ó yẹ kí a so ìyá àgbà mọ́ ẹ̀rọ tí ń báni mí níbi tí ẹ̀rọ kò ti sí. Ní Batterie IV, owó wà, pápákọ̀ òfurufú sì wà ní ìhà àríwá ìlú. Ìbéèrè náà á wá dúró ní ìhòòhò rẹ̀: bí ó bá ṣeé ṣe láti ṣe ohun gbogbo fún arúgbó, ṣé ohun gbogbo náà ni ó yẹ kí a ṣe?

Ìdáhùn tí àwọn èèkàn ìlú náà ti ń fún un láti ọjọ́ pípẹ́ ni kí a gbé aláìsàn wọ ọkọ̀ òfurufú. Orúkọ Léon M'ba, ààrẹ àkọ́kọ́ tí Gabon ní, ni wọ́n fi sọ pápákọ̀ náà, ìtàn sì ní bí ó ti ń fini ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé ọkùnrin tí wọ́n bí ní Libreville ní 1902 yìí kò padà wá kú sílé. Ó wọ ọsibítù ní Paris ní oṣù kẹjọ ọdún 1966, wọ́n dìbò yàn án padà nígbà tí jẹjẹrẹ ti mú un dè, ilé aṣojú Gabon ní Paris ni ó ti búra fún sáà tuntun náà, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìbúra náà ni ó sì kú, ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 1967, ọdún kan náà tí Saunders ṣílẹ̀kùn ilé rẹ̀ ní London. Omar Bongo tí ó rọ́pò rẹ̀, tí ó sì wà lórí àléfà fún ọdún 41, kú ní Barcelona ní ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún 2009, oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀, Edith Lucie, tí òun náà jẹ́ dókítà, kú ní Rabat. Àwọn oníròyìn Faransé ti gbé ikú ààrẹ jáde, Libreville sì ti sẹ́ ẹ, kí wọ́n tó wá kéde rẹ̀. A kò lè fi ọ̀ràn ọba dá ẹjọ́ ará ilé, nítorí ara ọba kì í ṣe tirẹ̀ nìkan, ọ̀ràn ìlú wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọba bá ti ń jó ni àwọn ìjòyè ń bá a jó o, kò sì pẹ́ tí kíkú sí òkèèrè fi di àmì pé àwọn ọmọ olóògbé kò fọwọ́ lẹ́rán. Níbi ìsìnkú, wọ́n á máa ka orúkọ àwọn ìlú tí wọ́n gbé bàbá dé bí ẹni ń ka oríkì.

Àpẹẹrẹ kẹta wá láti Lambaréné, létí odò Ogooué, ó sì yàtọ̀ pátápátá. Albert Schweitzer, ọmọ Alsace tí ó jẹ́ oníwàásù, onímọ̀ ẹ̀sìn àti aludùùrù kí ó tó lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà, dé ibẹ̀ ní 1913, ó sì kọ́ ọsibítù síbẹ̀. Lórí odò yẹn ni ó wà ní 1915 nígbà tí gbólóhùn tí ó di òpómúléró èrò rẹ̀ sọ sí i lọ́kàn: ìbọ̀wọ̀ fún ìyè, pé ohun tí ó bá gbèrò láti wà láàyè yẹ ní bíbọ̀wọ̀ fún. Ẹni tí ó bá gbọ́ ẹ̀kọ́ náà lérèfé yóò rò pé oníwàásù bẹ́ẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sáré lọ bá àwọn àgbà dókítà Yúróòpù nígbà tí ìgbẹ̀yìn bá dé, ó sì rọrùn fún un ju bí ó ti rọrùn fún M'ba lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1965, inú ọsibítù tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ni ó ti rẹ̀ ẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀, tí ó sì kú ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án, ẹni 90 ọdún. Ibẹ̀ náà ni sàréè rẹ̀ wà. Ìtumọ̀ èyí ni pé ẹni tí ó dá ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ kò rí àtakò láàárín bíbọ̀wọ̀ fún ìyè àti fífi ọ̀wọ̀ jẹ́ kí ìyè parí.

Ohun mìíràn wà ní Lambaréné tí ó kan ọ̀rọ̀ yìí. Schweitzer gba àwọn ẹbí láyè láti bá aláìsàn wọn wá, kí wọ́n sun ibẹ̀, kí wọ́n sì máa dáná oúnjẹ rẹ̀, àwọn àlejò òyìnbó sì sábà máa ń fìmú wo èéfín, adìẹ àti ẹrẹ̀ tí ó kún àgbàlá náà. Àríwísí tí ó le ju èyí lọ wà lórí rẹ̀, pé ó ń fojú àbúrò wo àwọn aláwọ̀ dúdú, ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà sì ti jáde, kò ṣeé gbèjà. Síbẹ̀, lórí ọ̀ràn ààrò yìí, ó rí ohun tí àwọn ilé ìwòsàn tuntun, tí ó fi wákàtí méjì lójúmọ́ gba àlejò, tún ń padà kọ́ lónìí: pé wíwò kì í ṣe iṣẹ́ dókítà nìkan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà sì ti ń le jù lọ kì í ṣe ìdí ẹ̀rọ ńlá bí kò ṣe ìdí ṣíbí. Ọmọ gbé abọ́ ẹ̀kọ mímu tí wọ́n ti po mílíìkì mọ́ dání, ó fi ìrọ̀rí ti ìyá lẹ́yìn, ó bu díẹ̀, ó fẹ́ ẹ, ó gbé e dé ètè. Ìyá la ẹnu, ó parí síbẹ̀. Ẹ̀kọ náà jókòó sórí ahọ́n, ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu ṣàn wá sí àgbọ̀n, èyí tí ó bá sì yọ́ wọlé lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, kí ikọ́ gbé e, kí ó di òtútù àyà. Ọmọ á nu ẹnu ìyá, á tún bu òmíràn. Yorùbá á ní ìyá ti kọ oúnjẹ, bí ẹni pé ẹ̀tanú ni, bẹ́ẹ̀ ara ni ó ti pa ìdáná tì. Ara tí ó ti ń múra àtilọ kì í lo oúnjẹ mọ́, ebi kì í sì sábà pa á. Ẹnu gbígbẹ ni ó ń yọ ọ́ lẹ́nu, òwú tí a rẹ sínú omi tí a fi ń pa ètè sì ń tù ú ju odidi abọ́ ẹ̀kọ lọ.

Bí ṣíbí bá kùnà, àwọn ọmọ á béèrè fún rọ́bà, èyí tí wọ́n ń tì bọ imú títí dé ikùn, tàbí tí wọ́n ń la ikùn fi sí. Rọ́bà yìí wúlò gan-an fún ẹni tí rọpárọsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù tí a nírètí pé ọ̀fun rẹ̀ yóò padà ṣiṣẹ́. Fún arúgbó tí ó ti ń ṣarán, tí iyè rẹ̀ ti rà débi pé kò mọ ọmọ mọ́, ẹgbẹ́ àwọn dókítà arúgbó ní Amẹ́ríkà ti kéde ní 2014 pé àwọn kò fara mọ́ ọn, nítorí pé kò fi ọjọ́ kún ọjọ́ rẹ̀, wọ́n sì máa ń di ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ibùsùn kí ó má baà fà á yọ; kí a máa fi ọwọ́ bọ́ ọ ní ìwọ̀n tí ó bá lè gbà ni wọ́n dámọ̀ràn. Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu, gbèsè tí ó wà nínú òwe yìí sì ni ó ń mú kí ṣíbí gbọ̀n lọ́wọ́ ọmọ, tí ó fi dà bíi pé ẹni tí ó bá gbé abọ́ kalẹ̀ ti sẹ́ ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ́tí sí òwe náà dáadáa, òkété ni ó ń mu ún. Kò sí ibi tí òwe ti ní kí ọmọ máa rọ ọmú sí ìyá lọ́fun.

Ẹ̀sìn ni ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń sá tọ̀ ní àsìkò bẹ́ẹ̀, ohun tí ó sì wọ́pọ̀ jù lẹ́nu ni pé ọjọ́ ikú kì í yẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ kí a tú ẹ̀rọ kúrò á ní bí ọjọ́ bàbá kò bá tíì pé, yóò mí láìsí ẹ̀rọ. Ẹni tí ó fẹ́ kí a fi í sílẹ̀ á ní àwa kọ́ ni ó yẹ kí a dá ọjọ́ fún un. Ẹ̀kọ́ tí ó ń dá ẹni méjì tí wọ́n ń jà láre pọ̀ kò tíì dá ẹjọ́ kankan. Èrò Yorùbá jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé bí ó ti mọ àkúnlẹ̀yàn àti àyànmọ́, ìyẹn ohun tí orí yàn lọ́dọ̀ Olódùmarè kí ó tó wáyé, bẹ́ẹ̀ ni ó mọ ikú àìtọ́jọ́, tí a kò bá tí máa bẹ̀ ẹ́ kí ó yẹ̀ bí kò bá ṣeé ṣe láti kú ṣáájú ọjọ́. Bọ́lájí Ìdòwú, nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè tí ó jáde ní 1962, ṣàlàyé pé ọwọ́ ayé àti ìwà ẹni lè ba ìpín jẹ́. Ọjọ́ ikú nígbà náà jẹ́ ààlà tí ó wà níwájú. Ènìyàn lè ṣubú kí ó tó dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè fi agbára kọjá rẹ̀. Iṣẹ́ ìṣègùn ni láti má jẹ́ kí arìnrìn-àjò ṣubú sójú ọ̀nà. Bí ó bá ti dé ààlà, fífà á lápá kì í ṣe ìrànlọ́wọ́ mọ́. Ìṣòro tí ó kù, tí kì í sì í ṣe kékeré, ni bí a ó ṣe mọ̀ pé ààlà dé. Kò sí ẹni tí ó mọ ọjọ́, ṣùgbọ́n àmì ń bẹ, àwọn àgbà obìnrin sì mọ̀ ọ́n kà kí dókítà tó dé: oorun tí ó ń gùn sí i, ẹsẹ̀ tí ó tutù, èémí tí ó ń dúró tí ó tún ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ẹ̀sìn tí ó wọlé tọ̀ wá kò jìnnà sí èyí bí àwọn ọmọlẹ́yìn wọn ti rò. Ìjọ Kátólíìkì ni ó ní ọmọ ìjọ jù ní Gabon, Póòpù Pius Kejìlá sì ti sọ fún àwọn dókítà apanilóyè ní oṣù kọkànlá ọdún 1957 pé ìtọ́jú tí ó wọ́pọ̀ ni ó pọn dandan fún Kristẹni láti gbà, pé èyí tí ó bá di ẹrù wíwúwo fún aláìsàn tàbí fún ẹlòmíràn kò pọn dandan, àti pé ó tọ́ láti dá ẹ̀rọ amúnimí dúró fún ẹni tí kò ní jí mọ́. Ìwọ̀n ẹrù yìí wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń rù ú. Ohun tí ó fúyẹ́ fún ẹni 50 ọdún lè wó ẹni 90 ọdún mọ́lẹ̀. Ẹ̀kọ́ náà ní kókó tí ó ṣì ń takókó, nítorí ní 2004 Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì sọ pé oúnjẹ àti omi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ rọ́bà ni a fi ń fúnni, wà lára ohun tí ó yẹ aláìsàn tí kò mọ ara rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ó kan òun fúnra rẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó gba rọ́bà náà sí imú, ṣùgbọ́n kò padà sí ọsibítù; inú yàrá rẹ̀ ni ó kú sí ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin.

Lọ́dọ̀ àwọn Mùsùlùmí, tí ọ̀pọ̀ Yorùbá tí ó wà ní Libreville jẹ́ ara wọn, àkókò tí Ọlọ́run dá kò ṣeé sún síwájú bẹ́ẹ̀ ni kò ṣeé fà sẹ́yìn, síbẹ̀ a pàṣẹ kí a wá oògùn. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ òfin ẹ̀sìn kò ka gbígba ìtọ́jú sí ọ̀ranyàn níbi tí ìwòsàn kò ti dájú, àpérò àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù lágbàáyé tí ó jókòó ní Amman ní 1986 sì gbà pé bí ọpọlọ bá ti kú pátápátá, ó tọ́ kí a yọ ẹ̀rọ, bí ọkàn tilẹ̀ ń lù nítorí ẹ̀rọ náà. Gbogbo wọn fohùn ṣọ̀kan pé a kò gbọdọ̀ pa aláìsàn. Gbogbo wọn sì mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín pípa ènìyàn àti jíjẹ́ kí ikú tí ó ti dé ẹnu ọ̀nà wọlé. Ó yani lẹ́nu nígbà náà pé orúkọ Ọlọ́run ni àwọn ẹbí máa ń lò jù nígbà tí wọ́n bá ń bá dókítà jà pé kí ó tún tẹ àyà bàbá ẹni 92 ọdún, tí egungun ìhà rẹ̀ ti dà bí igi gbígbẹ, lẹ́ẹ̀kan sí i.

Òwe kan wà tí àwọn kan ti fẹ́ fi ti èrò òdìkejì lẹ́yìn, pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ, tí wọ́n fi ní ó yẹ kí a lè ran arúgbó tí ìyà ń jẹ lọ́wọ́ láti kú. Kíkà bẹ́ẹ̀ kò bá òwe náà lò. Ẹ̀sín kì í ṣe ìrora, kì í sì í ṣe àìlera. Ìtìjú ni, ohun tí ó máa ń bá ẹni tí ó ṣẹ́gun nílé tí ó wá sá lójú ogun. Arúgbó tí ó ń tọ̀ sára kò ṣe ohun ẹ̀sín. Bí ẹ̀sín bá wà nínú yàrá náà, àwọn tí ó jẹ́ kí ó sùn sínú ìtọ̀ mọ́jú ni ó ni ín, aṣọ tí a pààrọ̀ sì ń mú un kúrò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kú.

Ta ni ó yẹ kí ó wá pinnu? Òfin àwọn orílẹ̀-èdè ń fi ọ̀rọ̀ náà lé aláìsàn lọ́wọ́. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Nàìjíríà dá dókítà kan tí ń jẹ́ Okonkwo láre ní 2001, nítorí pé ó bọ̀wọ̀ fún aláìsàn tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò jẹ́ kí ó gba ẹ̀jẹ̀. Òfin Faransé ti 2016 sì mú kí ìwé tí ènìyàn kọ sílẹ̀ ṣáájú nípa irú ìtọ́jú tí òun kò fẹ́ de dókítà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ilé Yorùbá, aláìsàn ni ó máa ń gbọ́ kẹ́yìn. Dókítà á pe àkọ́bí ọkùnrin sí kọ̀rọ̀, àkọ́bí á pe àwọn ìbátan, gbogbo ilé á mọ̀, ẹni tí ó ni àìsàn nìkan ni wọn yóò máa kí pé ara á yá. Wọ́n ń bẹ̀rù pé ọ̀rọ̀ lè pa á kí àrùn tó pa á. Ẹ̀rù náà kò burú, ṣùgbọ́n ó gbàgbé pé èdè Yorùbá ti ní irinṣẹ́ fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀: àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí. Ẹni tí ó bá jókòó ti bàbá tí ó bi í pé, "Bàbá, ibo ni ẹ fẹ́ kí á ti máa tọ́jú yín?" ti sọ àbọ̀. Bí bàbá bá dákẹ́ díẹ̀, tí ó wá ní, "Ẹ gbé mi lọ sílé, kí n lè máa gbọ́ ohùn àwọn ọmọ," ó ti fi àbọ̀ kejì dá a lóhùn, kò sì sí ẹni tí ó dárúkọ ikú. Àwọn àgbà ti mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ sílẹ̀ nípa ogún àti nípa ibi tí a ó sin wọ́n sí. Ohun tí ó kù ni kí àsọsílẹ̀ náà kan ọjọ́ tí ó ṣáájú ìsìnkú.

Nígbà tí bàbá kò bá sọ nǹkan kan, tí kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́, àwọn ọmọ á bẹ̀rẹ̀ ìpàdé lórí WhatsApp. Àwọn dókítà kan fún ẹnì kan nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ lórúkọ ní 1991, wọ́n pè é ní ọmọbìnrin tí ó ti California dé: ọmọ tí kò sí nílé láti ọjọ́ yìí, tí ó wọlé lójijì, tí ó sì ní kí wọ́n ṣe ohun gbogbo. Batterie IV mọ̀ ọ́n dáadáa, àyàfi pé Paris ni ó ti ń bọ̀, ọkùnrin sì lè ni í ṣe. Kì í ṣe ọmọ burúkú. Ọdún tí kò sí nílé ni ó ń fi owó san. Ọmọ tàbí ìyàwó ilé tí ó ti ń yí ìyá padà lórí ibùsùn láti oṣù mẹ́fà, tí ó mọ ibi tí egbò ti ń bẹ̀rẹ̀ ní ìbàdí, kì í sábà ní ohùn púpọ̀ nínú ìpàdé náà, ó sì yẹ kí ohùn tirẹ̀ wúwo jù lẹ́yìn ti aláìsàn, nítorí òun ni ó ti ń wò ó ní ti òótọ́. Fún àwọn Yorùbá tí wọ́n ti orílẹ̀-èdè Benin wá, ọ̀rọ̀ mìíràn tún so mọ́ ọn. Libreville kì í ṣe ilé fún wọn tán. Àwọn àgbà wọn kò tíì gbàgbé bí ìjọba ṣe lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Benin kúrò ní 1978, ọ̀pọ̀ arúgbó sì fẹ́ kí wọ́n gbé òun lọ sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìpinnu yìí ní àkókò tirẹ̀: bí ó bá yá jù, ó dà bíi pé a ti lé e kúrò nílé ọmọ, bí ó bá pẹ́ jù, àwọn ọkọ̀ òfurufú kò ní gbà á mọ́ bí aláìsàn, àyàfi nínú pósí tí a fi páànù dí, pẹ̀lú ìwé rẹpẹtẹ. Ọjọ́ a bá kú là á dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Owó pósí yẹn ìbá ti sanwó nọ́ọ̀sì àti ìjókòó mẹ́ta nínú ọkọ̀ nígbà tí ìyá ṣì lè mọ ẹni tí ó wá pàdé rẹ̀.

Èyí tí ó sì yẹ kí ó ṣáájú gbogbo àríyànjiyàn wọ̀nyí ni ìrora, nítorí ẹni tí egungun ń ro kò lè pinnu ohunkóhun. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé nínú àwọn tí ó nílò ìtọ́jú ìdẹ̀rùn lọ́dọọdún, ìpín 14 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ń rí i. Kì í ṣe pé oògùn rẹ̀ wọ́n. Dókítà Anne Merriman tí ó dá Hospice Africa sílẹ̀ ní Uganda ní 1993 fi hàn pé ẹ̀tù mọ́fíìnì tí a pò mọ́ omi kò gba owó púpọ̀, láti 2004 sì ni òfin Uganda ti gba àwọn nọ́ọ̀sì tí a kọ́ ní iṣẹ́ náà láyè láti máa kọ ọ́ fún aláìsàn. Ẹ̀rù ni ó ń dènà rẹ̀ níbòmíràn, pé ó máa ń di bárakú, pé ó máa ń pani. Pius Kejìlá kan náà ti dáhùn ní oṣù kejì ọdún 1957 pé ó tọ́ láti fún aláìsàn ní oògùn ìrora bí ó tilẹ̀ lè gé ọjọ́ rẹ̀ kúrú, bí ó bá jẹ́ pé ìrora ni a fẹ́ pa, kì í ṣe òun. Ìrírí àwọn dókítà láti ìgbà náà sì ti fi hàn pé bí a bá wọ̀n ọ́n bó ti yẹ, kì í gé ọjọ́ kankan.

Inú ìgò kékeré ni mọ́fíìnì náà máa ń wà, ó korò, abẹ́rẹ́ tí a ti yọ irin ẹnu rẹ̀ ni wọ́n fi ń fà á jáde ní ìwọ̀n tí nọ́ọ̀sì ti sàmì sí. Wákàtí mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń fún aláìsàn, láìdúró de ìgbà tí ìrora bá padà, pẹ̀lú oògùn tí yóò jẹ́ kí ó lè yàgbẹ́, nítorí pé ó máa ń dí ìfun. Ti alẹ́ nìkan ni ó yàtọ̀: bí aláìsàn bá fẹ́ sùn, wọ́n á sọ ìwọ̀n náà di ìlọ́po méjì, kí agogo méjì òru lè kọjá láìsí pé wọ́n jí i, kí ẹni tí ó ń tọ́jú rẹ̀ náà sì lè sùn di àárọ̀.